Ìlà Tí Fọlárìn Fi Kún Un

Ọjọ́bọ̀ ni Tóyìn kú lórí ìkúnlẹ̀. Ó di ọ̀sán Sátidé kí Fọlárìn tó mọ̀ pé ọwọ́ òun wà nínú rẹ̀.

Ó wà lẹ́yìnkùlé ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó ń gé ewé gbígbẹ kúrò lára ọ̀gẹ̀dẹ̀, nígbà tí fóònù dún. Sísítà Florence ni, nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn tí àwọn ará Èmùré fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Obìnrin náà kì í pe ènìyàn lásán.

"Bàbá Ayọ̀bámi, ẹ kú iṣẹ́."

"Ẹ kú iṣẹ́, Sísítà. Ṣé kò sí?"

"Ó wà o. Ọkùnrin kan dúró níwájú mi báyìí, ó mú káàdì afẹ̀jẹ̀tọrẹ wa lọ́wọ́. Ó ní òun gbọ́ pé obìnrin kan kú nítorí àìrí ẹ̀jẹ̀, pé kí ló dé tí a ò pe òun." Ó tún ní, "Irú ẹ̀jẹ̀ tí a ń wá fún obìnrin náà, O négátífù, ló wà lára káàdì rẹ̀, Bàbá."

Fọlárìn ju ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Lọ́jọ́bọ̀ yẹn mo bi kọ̀ǹpútà yín léèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í. Òdo ló sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Níbo ni ọkùnrin náà ń gbé?"

"Òdìkejì títì níbí. Wẹ́dà ni, ó ń fi iná jó irin pọ̀. Mo lè rí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ojú fèrèsé yàrá ìrọbí."

"Mò ń bọ̀," ni Fọlárìn wí.

Ó fọ ọwọ́, ó wọ bàtà, ó jáde sí títì lọ wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ gbé e láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ dé Èmùré. Awakọ̀ kí i, ó mi orí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Fọlárìn fi ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Èkó, ní ilé iṣẹ́ tẹlifóònù. Èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní C ló fi ń kọ ètò, ìyẹn àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, látìgbà tó ti jẹ́ ọ̀dọ́. Nígbà tí àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ kó lọ sí èdè mìíràn, kò bá wọn lọ. Ó ní èyí tí òun mọ̀ tó òun. Nígbà tó fẹ̀yìn tì tó sì wá ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́, Pius, ọ̀gá ilé ìwé tẹ́lẹ̀ rí tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn náà, wá bá a. Ó ní àwọn fẹ́ kó orúkọ gbogbo ẹni tó bá lè fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ jọ sójú kan. Fọlárìn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Oṣù méjì ló fi ṣe é.

Ìwé kan fún ẹnì kan. Orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀, ìlú, iṣẹ́, nọ́ńbà fóònù. Ẹni tó bá ní nǹkan mìíràn láti sọ, àyè wà fún un nínú ìwé tirẹ̀. Kò di dandan kí ìwé gbogbo ènìyàn rí bákan náà. Àwọn ìwé yìí wà nínú àká kan lórí kọ̀ǹpútà ńlá ní Adó. Kọ̀ǹpútà kékeré kan wà ní yàrá ìrọbí ní Èmùré, ètò Fọlárìn sì wà nínú rẹ̀. Ètò yẹn kò lè kọ ohunkóhun sínú àká, kíkà nìkan ló lè kà. Fọlárìn ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya, tí nọ́ọ̀sì bá ń kánjú, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèèṣì pa ìwé ènìyàn rẹ́.

Iṣẹ́ ètò náà kò le. Nọ́ọ̀sì á tẹ irú ẹ̀jẹ̀. Ètò á di ìbéèrè náà bí ẹni di lẹ́tà, á kọ àṣẹ sí i lórí pé kí wọ́n wo àwọn ìwé inú àká, kí wọ́n sì ka iye tó bá a mu, á fi ránṣẹ́ sí Adó. Èsì á dé. Ètò á tú u, á wo iye tó wà nínú rẹ̀, á sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, á wá to orúkọ àti nọ́ńbà fóònù wọn sílẹ̀. Kí ènìyàn tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti parí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe ọkùnrin kan láti Òde. Ọ̀nà bàjẹ́, òjò rọ̀, wákàtí mẹ́rin ló fi dé. Aláìsàn náà yè, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò dùn sí i. Pius ní kí kọ̀ǹpútà yéé pe ẹni ọ̀nà jíjìn. Kó jẹ́ àwọn tó wà ní Èmùré ni yóò máa mú wá. Fọlárìn jókòó, ó fi ìlà kan kún ìbéèrè inú àṣẹ náà: kí ìlú jẹ́ Èmùré. Ó dán an wò pẹ̀lú O pọ́sítífù, nítorí òun ló pọ̀ jù. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún jáde, gbogbo wọn ará Èmùré. Ó tilẹ̀ yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó lọ sílé.

Kò dán négátífù wò.

Nígbà tó dé ilé ìwòsàn, Sísítà Florence jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ọkùnrin kan tí aṣọ rẹ̀ kún fún ihò iná dúró tì í. Dúrójayé ni orúkọ rẹ̀. Ó tó ẹni ọdún márùndínlógójì. Ó dọ̀bálẹ̀ ìdajì kí Fọlárìn.

"Ẹ káàsán o, bàbá. Ṣé ẹ̀yin lẹ ni kọ̀ǹpútà tí kì í ríran?"

"Dúrójayé," ni Sísítà wí.

"Mo bínú ni, Sísítà. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ láti àárọ̀. Géètì ọlọ́jà kan ni mò ń jó. Mo rí ọkọ̀ tó gbé obìnrin náà dé. Mo rí ọkọ rẹ̀ tó ń sáré kiri. Mo tilẹ̀ sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kí Ọlọ́run yọ wọ́n. Mo wá tẹ̀síwájú, mò ń jó géètì. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń wá wà lára mi, mò ń jó géètì!"

Fọlárìn wọ yàrá ìrọbí, ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti fọ yàrá náà. Òórùn ìzàl tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kún ibẹ̀.

Ó kọ́kọ́ fi àṣẹ náà ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Sísítà ti ṣe lọ́jọ́bọ̀, ó sì ní kí èsì jáde bó ṣe dé láti Adó, láìtú u. Ìlà méjì péré ni. Iye: òdo. Ìlà kejì sọ pé àṣẹ náà yọrí sí rere.

Ó wo ìlà kejì yẹn fún ìgbà díẹ̀. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Àká kò ṣàṣìṣe, okùn kò já, kò sí ohun tó bàjẹ́. Ohun tó béèrè ni wọ́n dá a lóhùn.

Ó yọ ìlà ìlú kúrò, ó tún fi àṣẹ ránṣẹ́. Iye: ọ̀kan.

Ó ní kí ìwé náà jáde. Orúkọ: Dúrójayé. Ẹ̀jẹ̀: O négátífù. Iṣẹ́: wẹ́dà. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ìlú: Ìlúmọba.

"Wọlé wá," ni Fọlárìn wí, kò yíjú padà. Dúrójayé wọlé, Sísítà tẹ̀lé e. "Ìgbà wo lo dé Ìlúmọba gbẹ̀yìn?"

"Ìgbà tí a sin bàbá mi. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án."

"Ìgbà wo lo dé Èmùré?"

"Ibí ni wọ́n gbé bí mi, bàbá. Oko kòkó ló gbé bàbá mi wá síbí."

"Kí ló dé tí o kọ Ìlúmọba sínú fọ́ọ̀mù?"

Dúrójayé wò ó bí ẹni pé ìbéèrè náà kò nítumọ̀. "Wọ́n bi mí ní ìlú mi. Kí ni kí n kọ? Ṣé ọmọ Èmùré ni mí ni? Tí mo bá kọ Èmùré, ẹni tó mọ bàbá mi á ní mo ń ṣẹ́ ilé wa."

Sísítà Florence fi ọwọ́ bo ẹnu. "Èmi náà kọ Ìsẹ̀," ni ó wí. "Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń sùn ní Èmùré. Ìsẹ̀ ni mo kọ."

Fọlárìn mọ̀ pé òun náà kò ní kọ Ìkẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá jí i lójú oorun kí wọ́n bi í ní ìlú rẹ̀, Òde ni yóò wí, Òde níbi tí kò sùn mọ́jú sí rí láti ìgbà tó ti di géńdé. Ó mọ èyí. Ó ti mọ̀ ọ́n kó tó kọ ìlà náà. Ṣùgbọ́n bó ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kò rántí pé irú ènìyàn bí òun ló ń kọ fọ́ọ̀mù.

Pius dé kí ọjọ́ tó rọ̀. Ẹnì kan ti bá a sọ ọ́. Ó ní kí Dúrójayé padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí Sísítà lọ wo àwọn aláìsàn. Ó ti ilẹ̀kùn.

"Fọlárìn, àwa méjì nìkan ló wà níbí. Ta ló tún mọ̀?"

"Àwọn méjèèjì yẹn."

"Dúrójayé á dákẹ́, mo mọ̀ ọ́n." Pius jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé o mọ̀ pé ìgbìmọ̀ ń jókòó lọ́jọ́ Ajé? Àwọn ẹbí ọkọ obìnrin náà ní Sísítà kò wá orúkọ dáadáa. Wọ́n ní ó ń tẹ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ojú oorun. Adésọjí, ọkọ Tóyìn, pe Sísítà ní apànìyàn ní gbangba. Wọ́n fẹ́ kó lọ."

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ló kù fún un láti fẹ̀yìn tì. A lè wá ibòmíràn fún un, nílé ìwòsàn kan ní Ìkẹ́rẹ́ níbẹ̀, lọ́dọ̀ yín. Tí wọ́n bá gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ló gbé ẹni tó lè gba Tóyìn là pamọ́, ta ló tún máa fún wa lẹ́jẹ̀? Ta ló máa gba ètò náà gbọ́? Ogún ènìyàn ni ètò yẹn ti gbà là, Fọlárìn. Ogún. Orúkọ rẹ náà ńkọ́?"

Fọlárìn dìde. "Níbo ni ilé Adésọjí?"

"Ìwọ yìí, oríkunkun rẹ kò dínkù láti kékeré."

"Níbo ni?"

Pius júwe ilé fún un.

Ó padà sí Ìkẹ́rẹ́ lọ sùn. Kò sùn dáadáa. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ó tún wọkọ̀ lọ sí Èmùré.

Olùkọ́ ni Adésọjí, ilé kékeré kan ló ń gbé. Ó jókòó sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìwọ bàtà. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé ọmọ jòjòló kan lé itan. Ọmọ náà yè, obìnrin ni. Kò tíì pé ọjọ́ tí wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀," ni Fọlárìn wí.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ jókòó." Adésọjí kò mọ̀ ọ́n. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń wá kí i ni.

Fọlárìn kò jókòó. "Èmi ni mo kọ ètò tí Sísítà Florence fi ń wá ẹlẹ́jẹ̀. Sísítà wá a dáadáa. Ó wá a lẹ́ẹ̀mẹta. Ètò mi ló sọ pé kò sí. Ẹnì kan wà."

Adésọjí gbé orí sókè.

Fọlárìn sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò pẹ́. Ó sọ ti àká, ó sọ ti àṣẹ, ó sọ ti ìlà tó fi kún un, ó sọ ti Dúrójayé àti Ìlúmọba. Kò bẹ̀bẹ̀.

"Ìlà kan," ni Adésọjí wí.

"Ìlà kan."

"Wẹ́dà tó wà níwájú ilé ìwòsàn. Èyí tó ní fìlà pupa."

"Òun ni."

"Mo béèrè omi lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀fun mi gbẹ. Ó bu omi fún mi." Adésọjí wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀. "Mo béèrè omi."

Ìyá rẹ̀ ní, "Sọjí, fara balẹ̀."

"Tí ẹ ò bá kọ ìlà yẹn ńkọ́, bàbá?"

"Sísítà ì bá pè é. Ìṣẹ́jú méjì ni ì bá fi dé."

"Ṣé Tóyìn ì bá wà?"

"N kò mọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà."

"Ẹ má tàn mí."

"Ó ṣeé ṣe kó wà."

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ìyá àgbà fi ìka tí a rì sómi sí i lẹ́nu, ó dákẹ́. Ó ń fi èdè ìlú wọn bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kó má ké mọ́, ó ti dé ulé, ulé bàbá rẹ̀ rè é.

"Wọ́n ní àmúwá Ọlọ́run ni," ni Adésọjí wí. "Pásítọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Mo ti ń gbìyànjú láti gbà á. Láàárọ̀ yìí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Ẹ wá dé." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Kí ló dé tí ẹ wá?"

"Ẹ pe Sísítà ní apànìyàn."

"Mo pè é bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe òun."

Adésọjí dìde. Ó ga ju Fọlárìn lọ. Fọlárìn rò pé yóò gbá òun létí, kò sì sún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kọjá lára rẹ̀, ó lọ gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà bí ẹni tí kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ.

"Ẹ máa lọ, bàbá," ni ó wí. "Lọ́la, ẹ sọ ọ́ níwájú wọn bí ẹ ti sọ ọ́ fún mi. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ẹ má sì wá síbi ìsọmọlórúkọ."

"Mo gbọ́," ni Fọlárìn wí.

Lọ́jọ́ Ajé ó sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ àti àwọn ẹbí. Ọ̀kan nínú àwọn ẹbí náà ṣépè fún un. Ó dúró, ó gbọ́ ọ tán. Òmíràn ní kí wọ́n kó kọ̀ǹpútà náà dànù. Pius kò wò ó lójú. Adésọjí dìde ní ẹ̀yìn, ó ní òun yí ọ̀rọ̀ tí òun sọ sí Sísítà Florence padà, ó sì jókòó. Sísítà kò lọ. Ó sunkún nínú yàrá tí wọ́n ń kó oògùn sí, ó fọ ojú, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Wọn kò kó kọ̀ǹpútà dànù. Fọlárìn yọ ìlà náà kúrò lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó tún fọ́ọ̀mù ṣe, ó fi ìbéèrè tuntun kan sí i: níbo lò ń sùn? Ṣùgbọ́n igba ìwé àti mẹ́rìnlá ló ti wà nínú àká tí kò ní ìdáhùn yẹn. Fóònù ọ̀pọ̀ wọn kò lọ mọ́. Ó tẹ orúkọ gbogbo wọn sórí bébà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn láti ilé dé ilé.

Oṣù kan àti ààbọ̀ ló fi ṣe é. Ó wọ inú abà tí ọ̀kadà kò lè dé, ó fẹsẹ̀ rìn. Ó bá àwọn kan lórí ebè, ó bá àwọn kan níbi tí wọ́n ti ń sá kòkó. Ọkùnrin kan ní Àìsẹ̀gbá bi í bóyá ìjọba ló rán an wá gba owó orí. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí: "Níbo ni mò ń sùn? Bàbá àgbà, ẹ̀yin náà!" Ọ̀pọ̀ ló kọ́kọ́ sọ ìlú bàbá wọn. Yóò dúró, yóò tún bi wọ́n. Níbo lo sùn lánàá? Wọn á wá sọ ọ́. Ènìyàn mẹ́rin ti kú. Ó fa ìlà sí orúkọ wọn.

Ní ìkẹyìn, ó ku ẹyọ ẹnì kan lórí bébà. Ó ti rí orúkọ náà láti ọjọ́ kìíní, ó ń fò ó. Ọdún tó kọjá ni ọkùnrin náà forúkọ sílẹ̀, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá fún ìtọ́jú aboyún, tí wọ́n ní kí àwọn ọkọ náà wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Adésọjí. O pọ́sítífù. Olùkọ́. Ìlú: Àìsẹ̀gbá.

Ó dé ilé náà ní ìrọ̀lẹ́. Aṣọ ọmọdé wà lórí okùn. Adésọjí jáde, ó rí i, kò kí i. Fọlárìn na bébà náà sí i kó rí orúkọ rẹ̀.

"Mò ń bi gbogbo ènìyàn," ni ó wí. "Èmi ni mo gbọ́dọ̀ bi yín."

Adésọjí wo bébà náà pẹ́. Ó rí àwọn ìdáhùn tó wà lókè orúkọ rẹ̀, ojú ewé lórí ojú ewé. Fọlárìn rò pé yóò ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ bi mí," ni ó wí.

"Níbo lẹ ń sùn?"

"Níbí," ni Adésọjí wí. "Lórí ìjókòó yàrá àlejò. N kò tíì lè wọ yàrá wa."

Fọlárìn kọ Èmùré síbẹ̀. Ó dúpẹ́, ó ká bébà náà, ó sì gba ọ̀nà lọ wá ọkọ̀.